Wọ́n ti ibi ìrántí Arizona pa fún àtúnṣe: ṣé ká ṣì gbé Bàbá lọ sí Pearl Harbor? (Ìjíròrò ìgbà tí wọ́n tì í pa ni, láàárín 2018 sí 2019; wọ́n ti ṣí i padà ní oṣù Kẹsàn-án 2019.)

ÌyàwóSójà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Bàbá ọkọ mi, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ń bọ̀ wá kí wa lóṣù tó ń bọ̀, a sì ti san owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Hawaii. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní ká fi han àwọn ni ibi ìrántí USS Arizona, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó rì nígbà tí Jàpáànì kọlu Pearl Harbor ní 1941. Àná ni mo wá rí i kà pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni wọn ò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́, wọ́n ń tún un ṣe. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gbé èèyàn lọ o, àmọ́ kò ní dúró. Wọ́n á kàn gbé yín kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Ṣé ká lọ bẹ́ẹ̀ àbí ká sún un síwájú? Bí a bá lọ, kí la máa fi ọjọ́ náà ṣe tí Bàbá ò fi ní sọ pé a gbé àwọn rìn lásán? Ẹni ọdún 79 ni wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe wọ́n bí arúgbó.

Bàbá Ìbejì
Ẹ lọ. Ẹ má sún nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó bàjẹ́ gan-an, torí àhesọ ti pọ̀ jù. Kì í ṣe ọkọ̀ ogun tó rì ni wọ́n ń tún ṣe. Èbúté tó léfòó lójú omi, ibi tí ọkọ̀ ti máa ń já èèyàn sílẹ̀, ni ohun tó dì í mú nísàlẹ̀ ti dẹ̀. Èbúté wá ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń fa afárá kékeré tí èèyàn ń gbà wọ ilé ìrántí náà, títí tí ẹnu ibi tí méjèèjì ti pàdé fi bàjẹ́. Wọ́n fẹ́ lọ́ irin gígùn wọnú ilẹ̀ lábẹ́ omi, kí wọ́n wá fi okùn tó yi so èbúté mọ́ ọn. Ẹ ò rí i pé kò sí bí wọ́n ṣe máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí èèyàn tún máa gorí rẹ̀ kọjá.

Gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ ló ṣí. Ẹ kì í sanwó wọ ọgbà náà. Ilé àkójọ ohun ìtàn méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan sọ bí ọ̀rọ̀ àárín Amẹ́ríkà àti Jàpáànì ṣe dogun, èkejì sọ ti ọjọ́ ìkọlù fúnra rẹ̀. Ìdákọ̀ró Arizona wà nínú ọgbà náà, ó tóbi débi pé ọkàn èèyàn á kọ́kọ́ fò. Agogo ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Fíìmù tí wọ́n máa ń fi hàn kí èèyàn tó wọkọ̀ kò yí padà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ló ń wa ọkọ̀ yẹn, olùṣàlàyé sì máa ń bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Ohun tó kù tẹ́ ò ní rí kò ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí èèyàn fi ń dúró lórí ilé ìrántí yẹn lọ.

Àkànní_Olùkọ́
Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ti fojú kéré ohun tó kù yẹn. Torí ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń lọ sí Hawaii.

Ilé funfun yẹn dábùú ọkọ̀ tó rì láìfara kàn án rárá. Ihò kan wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ téèyàn lè dúró tì kó máa wo irin ọkọ̀ lábẹ́ omi. Lópin ilé ni ògiri mábù wà, ibẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àwọn 1,177 tó kú nínú ọkọ̀ náà sí. Ó lé ní 900 nínú wọn tí wọn ò gbé jáde, inú ibẹ̀ ni wọ́n wà títí dòní. Kódà, àwọn mìíràn tó yè é lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n wá kú lọ́jọ́ ogbó, ni wọ́n gbé eérú wọn padà lọ sínú ọkọ̀ náà kí wọ́n lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sùn. Ẹni tó wò ó látinú ọkọ̀ tó ń kọjá rí ilé, kò rí ibojì. Sójà sì ni bàbá yín. Sójà máa ń fẹ́ ka orúkọ.

Tí wọ́n bá lè yí ọjọ́ ìrìn-àjò yín padà láìgba owó gọbọi, èmi á ní kẹ́ ẹ dúró.

Bàbá Ìbejì
Àkànní, ta lò ń ní kó dúró, ẹni ọdún 79? Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá pé àwọn á ṣí i ti kọjá, èyí tí wọ́n tún dá lẹ́yìn rẹ̀ náà kọjá. Ìwọ ni kó o bá wa dá ọjọ́ mìíràn.

Àkànní_Olùkọ́
Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí, ẹ̀gbọ́n. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń pàdánù kí wọ́n tó lọ.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jà tán kí n sọ tèmi. Obìnrin yẹn béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni báàgì. Ẹ má gbé báàgì kankan dání, kékeré tàbí ńlá, títí kan èyí tí wọ́n ń kó ìlédìí ọmọ sí. Wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọlé. Ibì kan wà nítòsí tí wọ́n ti ń gba owó díẹ̀ láti bá èèyàn tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà ibẹ̀ lè fi àárọ̀ yín ṣòfò. Fóònù, kámẹ́rà, pọ́ọ̀sì inú àpò àti ike omi kò ní wàhálà. Ẹ kó oògùn Bàbá sínú àpò aṣọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gba owó kékeré tí kò tó dọ́là méjì lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà á sílẹ̀ o. Àwọn kan máa ń débẹ̀ ní agogo méje àárọ̀ tí wọ́n bá ń ṣí ilẹ̀kùn kí wọ́n lè rí tọjọ́ yẹn gbà, ṣùgbọ́n ẹ má gbé bàbá àgbà jí lóru torí ìyẹn. Ẹ sì mú ti àárọ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń le lójú omi yẹn nígbà mìíràn, tó bá sì le jù, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ jáde, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa bá jà. Tó bá jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yín ní Hawaii lẹ mú, tí afẹ́fẹ́ bá dá a dúró, ẹ ṣì ní ọjọ́ mìíràn láti gbìyànjú. Ẹni tó fi í sí ọjọ́ tó kẹ́yìn ti fi ọ̀ràn lọ afẹ́fẹ́.

Kẹ̀kẹ́ arọ ń wọ ọgbà náà dáadáa, ó sì ń wọ ọkọ̀. Tí Bàbá bá kọ̀ ọ́, àga wà káàkiri létí omi.

Adéọlá_Ojúomi
Ohun tí gbogbo yín fò kọjá ni ọ̀nà tí ọkọ̀ yẹn ń gbà. Èmi rò pé ìrìn àkókò àtúnṣe yìí ní èrè tirẹ̀, torí pé bí kò ṣe sí ibi tí ọkọ̀ máa já yín sí, ojú gbogbo èèyàn á wà lára ìlà tí àwọn ọkọ̀ ogun ńlá dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Kejìlá 1941. Àwọn ohun funfun ńlá tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́ ṣì wà nínú omi, wọ́n kọ orúkọ ọkọ̀ sí wọn lára. Ẹ máa kà wọ́n fún Bàbá bẹ́ ẹ ṣe ń kọjá.

Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ ọkọ̀ West Virginia, ẹ sọ ìtàn Doris Miller fún wọn. Ọmọ àgbẹ̀ ni, aláwọ̀ dúdú láti Texas, ẹni ọdún 22. Láyé ìgbà yẹn, iṣẹ́ bí ká gbé oúnjẹ fún ọ̀gá, ká fọ aṣọ ọ̀gá, ni wọ́n ń fún aláwọ̀ dúdú lórí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yin ìbọn ńlá. Aṣọ tó fẹ́ fọ̀ ló ń kó jọ nígbà tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó bá wọn gbé ọ̀gá ọkọ̀ tó ti fara gbọgbẹ́, ó wá dì mọ́ ìbọn arọ̀jò-ọta, ó ń yìn ín sí àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jàpáànì títí ọta fi tán. Ní oṣù Karùn-ún 1942, Admiral Nimitz, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní òkun Pàsífíìkì, fúnra rẹ̀ ló fi àmì ẹ̀yẹ Navy Cross kọ́ ọ láyà, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀. Kò gbádùn rẹ̀ pẹ́. Oṣù Kọkànlá 1943 ni ọkọ̀ Liscome Bay rì, ó bá a lọ.

Ti Arizona fúnra rẹ̀, bọ́ǹbù kan ló bá ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí níwájú ọkọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti rì. Gbogbo àwọn 21 tó ń fọn kàkàkí, tí wọ́n ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin ọkọ̀ náà ló kú, kò ku ẹyọ ọ̀kan. Epo inú rẹ̀ ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀ títí di òní, ẹ lè rí i tó ń dán lójú omi bí òṣùmàrè tí oòrùn bá ràn.

Bàbá Ìbejì
Ẹ tún fi ti ẹni tó ya àwòrán ilé náà kún un. Alfred Preis, ọmọ ilẹ̀ Austria. Lẹ́yìn ìkọlù yẹn, Amẹ́ríkà mú un tì mọ́lé torí ibi tó ti wá. Òun náà ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ ilé ìrántí fún, èyí tí wọ́n ṣí ní 1962. Ó ní kí àárín rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, kí ìkángun méjèèjì gbéra sókè: ìṣubú Amẹ́ríkà nìyẹn, àti bó ṣe tún dìde. Látinú ọkọ̀ gan-an ni èèyàn ti ń rí títẹ̀ yẹn dáadáa, ẹni tó bá wà nínú ilé ò lè rí i. Àkànní, gba ìyẹn.

Àkànní_Olùkọ́
Mo gbà á.

ỌmọBọ́mà
Mo fẹ́ béèrè: ṣé bàbá bàbá yín lọ Bọ́mà? Tèmi lọ. Àkókò kan náà tí Jàpáànì kọlu Pearl Harbor ló dojú kọ àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Éṣíà, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn bàbá wa nìyẹn. Ẹgbẹ́ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì lọ jagun nínú igbó Bọ́mà. Àwọn tí wọn ò mọ ibojì wọn, orúkọ wọn wà nínú ibi ìrántí Rangoon ní Taukkyan. Ẹ rántí sọ ọ́ fún Bàbá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ débẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ní ti ìbéèrè yín, ẹ fi ọ̀sán lọ sí ibojì àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní Punchbowl ní Honolulu. Inú òkè ayọnáyèéfín tó ti kú tipẹ́ ló wà, ọ̀fẹ́ ni, mọ́tò sì ń wọnú rẹ̀, orúnkún Bàbá ò ní mọ̀ pé àwọn jáde. Àwọn ògiri ibẹ̀ gba orúkọ àwọn tó lé ní 28,000 tí wọn ò rí òkú wọn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ka orúkọ, gẹ́gẹ́ bí Àkànní ṣe sọ, ibẹ̀ ni kó lọ. Nínú àwọn 429 tó kú nínú ọkọ̀ Oklahoma, ọ̀pọ̀ ni wọ́n sin síbẹ̀ láìmọ orúkọ wọn. Ní 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú egungun wọn jáde láti fi àyẹ̀wò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, kí wọ́n lè dá wọn padà fún ẹbí.

ÌyàwóSójà
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ó ti dájú pé à ń lọ. Ọ̀rọ̀ Bọ́mà yẹn ya mí lẹ́nu, mo bi ọkọ mi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n bàbá Bàbá lọ.

Ó ku méjì. Ṣé ọkọ̀ ogun Missouri tó wà nítòsí tó ohun tá a máa sanwó sí? Ṣé kí n sọ fún Bàbá kó tó dọjọ́ náà pé wọn ò ní lè sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, àbí kí n dákẹ́?

Adéọlá_Ojúomi
Missouri tó bẹ́ẹ̀. Lórí rẹ̀ ni Jàpáànì ti tọwọ́ bọ ìwé pé àwọn túúbá ní 2 oṣù Kẹsàn-án 1945, ibi tí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ wà lórí ọkọ̀ níta. Wọ́n ti gbé e wá dúró nítòsí Arizona, ó kọ orí sí i. Erékùṣù Ford tó wà kò gba mọ́tò tiyín torí pé àgọ́ ológun ni, bọ́ọ̀sì wọn lẹ máa wọ̀. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga, ó há. Ẹ fi ọkọ̀ abẹ́ omi Bowfin sílẹ̀ pátápátá, ẹni tí orúnkún ń dùn ò lè máa fo ẹnu ọ̀nà kékeré yẹn. Ẹ jókòó sí ọgbà ìrántí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà 52 tó ṣòfò nínú ogun yẹn.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́
Ẹ sọ fún wọn. Ẹ sọ ọ́ lónìí. Sójà ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ àṣẹ. Ohun tí wọn ò ní fara mọ́ ni kí wọ́n dé etíkun kí ọmọdé kan tó wọṣọ ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún wọn.

ÌyàwóSójà
Mo ti sọ. Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ á dẹ ìrìn tó bá débẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀.

Bàbá Ìbejì
Ó ń rọra rìn níbẹ̀. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kí Bàbá lè ráyè dìde kí àwọn tó sùn síbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bá wọn di fìlà mú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò mọ àgbà.