Wọ́n ń yọ owó pẹ́ńṣọ̀n lára owó oṣù mi láti 2008. Ṣé owó náà wà níbì kan?

Awakọ̀ Ìyàrá

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka èyí, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Ọdún 2008 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirela ní iléeṣẹ́ kan tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ọbájánà. N ò ní dárúkọ wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ìyàrá ni mo ń gbé, Kàbbà ni gáréèjì wa wà. Mo ti gbé sìmẹ́ǹtì gba Ìyámọyè dé Òmùò, mo gbé e dé Adó-Èkìtì, mo gba Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìlọrin. Ìgbà kan wà tí mo sun ọjọ́ mẹ́rin lábẹ́ ọkọ̀ nítorí pé tirela kan ṣubú dí ọ̀nà níwájú mi.

Nígbà tí mo wọlé, awakọ̀ 140 ni wá, gbogbo wa la sì wà nínú yúníọ̀n. Alága wa nígbà náà, ọkùnrin kan láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, kì í pariwo. Bí ọ̀gá bá ní òun ò ní san owó tí a fi sùn lójú ọ̀nà, á kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọkọ̀ sínú báàgì rẹ̀, á jókòó sẹ́nu géètì, á máa jẹ àkàrà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti pè é wọlé.

Kò sẹ́ni tó dìde pé kí yúníọ̀n kú. Ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ ni wọn ò rọ́pò mọ́. Ìgbà tó yá, ọkọ̀ tuntun ń wọlé, àmọ́ ọkọ̀ kọ́ńtíráàtì ni. Wọ́n á gbé e fún awakọ̀ kan pé kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iye ìgbà tó bá gbé ẹrù ni owó tó máa rí. Kì í ṣe òṣìṣẹ́, kò ní owó oṣù, kò ní pẹ́ńṣọ̀n, kò sí lórúkọ nínú yúníọ̀n. Inú wọn dùn, torí owó tó ń wọlé fún wọn ju tiwa lọ nígbà yẹn, àwa la wá dà bí òmùgọ̀. Ní 2021, àwa tó ń gba owó oṣù ò ju mẹ́rìnlélógójì lọ. Báyìí a ku mẹ́tàlélógún. Alága wa ti padà sídìí oko kajú rẹ̀.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì pé owó oṣù ti parí, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe kọ́ńtíráàtì wá fọwọ́ sí ìwé. Ojú méjì ni ìwé náà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú un lọ kà nílé. Lójú kejì, nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi, n ò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́.

Mo lọ tú àpótí. Ìyàwó mi ti di gbogbo ìwé owó oṣù mi sínú ọ̀rá, láti 2008, gírísì àtàǹpàkò mi wà lára àwọn mìíràn. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ pé wọ́n yọ pẹ́ńṣọ̀n. Mi ò fojú kan owó náà rí. Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tó ní yúníọ̀n lọ́hùn-ún wó lulẹ̀ láìpẹ́ yìí. Bí ti ibẹ̀ bá wó, kí ni tèmi?

Ṣé kí n fọwọ́ sí i? Ṣé owó mi ti bá wọn lọ? Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí báyìí, ọmọ mi kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì.

Dírẹ́bà Kàbbà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ sí i jàre. Awakọ̀ mélòó lẹ mọ̀ tó darúgbó tó ń jẹ pẹ́ńṣọ̀n? Láti 2019 ni mo ti wà lórí kọ́ńtíráàtì, mo ti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta. Yúníọ̀n yín ńkọ́, kí ni wọ́n fi owó tí wọ́n ń gbà ṣe? Ẹ gba ọkọ̀, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìyá Akọ̀wé, Ẹ̀gbẹ̀

Àbúrò mi, má fọwọ́ sí ìwé kankan. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ìdí owó oṣù kí n tó padà wálé sí Ẹ̀gbẹ̀. Gbólóhùn abẹ́ ìwé yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi náà ti tẹ irú rẹ̀ rí, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Láti ìgbà òfin pẹ́ńṣọ̀n 2004, tí wọ́n tún ṣe ní 2014, owó yẹn kò gbọ́dọ̀ sí lọ́wọ́ ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́. Inú àkáǹtì kan tí wọ́n ń pè ní RSA ló yẹ kó wà, orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN. Iléeṣẹ́ tó ń fi owó náà ṣòwò yàtọ̀, èyí tó ń tọ́jú owó gan-an yàtọ̀, PenCom ní Àbújá ló ń ṣọ́ gbogbo wọn. Láti 2014, ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni ìwọ ń dá, ọ̀gá rẹ ń fi ìdá mẹ́wàá sí i. Wọ́n ń ka owó ilé àti owó ọkọ̀ mọ́ owó oṣù níbẹ̀. Owó oúnjẹ ojú ọ̀nà kò sí níbẹ̀.

Owó tó bá ti wọ ibẹ̀, bí iléeṣẹ́ jóná lọ́la, tìrẹ ni. Ibi tí ìjà wà ni pé kí wọ́n yọ ọ́ yàtọ̀ sí kí wọ́n san án. Òfin ní kó tó pé ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù, kí wọ́n ti fi ránṣẹ́. Àwọn kan á yọ ọ́ lórí ìwé, wọ́n á fi ra tààyà. Mo ti rí i.

Lọ sí Lọ́kọ́jà, sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó àkáǹtì rẹ. Mú nọ́ńbà PEN rẹ àti NIN dání. Ní kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ jáde fún ọ láti oṣù àkọ́kọ́, má gba ti ọdún kan. Tẹ́ àwọn ìwé owó oṣù rẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oṣù sí oṣù, kí o fi bírò pupa sàmì sí ibi tí wọ́n ti yọ tí kò dé. Kọ lẹ́tà sí PenCom, fi ẹ̀dà sí i, má fi ojúlówó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n ń rán lọ gba irú gbèsè yẹn lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́, àti pé owó ìtanràn tó wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù tí wọ́n bá fi pẹ́.

Ìwọ ti kọjá àádọ́ta ọdún, tí o bá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, o lè béèrè tìrẹ. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta gbọ́dọ̀ dúró oṣù mẹ́rin láìníṣẹ́, kò sì lè gbà ju ìdámẹ́rin lọ. Bí ohun tó wà níbẹ̀ bá kéré débi pé kò lè máa fún ọ ní ìdámẹ́ta owó oṣù tó kéré jù lọ (70,000 náírà ni ìjọba sọ ọ́ dì ní 2024, ìdámẹ́ta rẹ̀ lé díẹ̀ ní 23,000), wọ́n lè kó gbogbo rẹ̀ fún ọ lẹ́ẹ̀kan.

Mo fẹ́ gbàgbé nǹkan kan. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tó tó owó oṣù ọdún mẹ́ta. Mo mọ ìyá kan ní Mọ̀pà tí ọkọ rẹ̀ kú sórí ọkọ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé ó ní nǹkan gbà. Ẹ bi àwọn opó awakọ̀ tó wà láàárín yín.

Ìwọ Dírẹ́bà Kàbbà, ilé oníyàrá mẹ́ta dára. Ta ló máa san owó ilé ìwòsàn rẹ tí o bá fẹsẹ̀ kọ? Micro pension ti wà láti 2019 fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, Personal Pension Plan ni wọ́n sọ ọ́ dì ní 2025.

Ọmọ Ìjùmú, Ohio

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Màmá, mo kí yín o. Èmi náà ń wa ọkọ̀ akẹ́rù níbí, inú yúníọ̀n Teamsters ni mo wà, ọdún kọkànlá mi rèé.

Ó ní láti jẹ́ Yellow ni àbúrò ìyàwó yín ń sọ. Ọdún 1924 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Oklahoma City, ọjọ́ 30 oṣù keje 2023 ni wọ́n kógbá wọlé. Òṣìṣẹ́ bí 30,000, nǹkan bí 22,000 nínú wọn jẹ́ ọmọ yúníọ̀n. (Orúkọ ni Yellow o, àwọ̀ ọsàn ni wọ́n kun ọkọ̀ wọn. Títí di òní n kì í rí orí ọkọ̀ àwọ̀ ọsàn kan ní ọjà àlòkù kí n má dúró wò ó.)

Bí ẹ ṣe ṣàlàyé tiyín yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ níbí, ó kàn pẹ́ jù ni. Kó tó di 1980, ìjọba ló ń sọ ẹni tó lè gbé ẹrù lójú ọ̀nà wo, àti iye tó máa gbà. Òfin 1980 ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tí kò ní yúníọ̀n ya wọlé pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Consolidated Freightways kú ní 2002. Yellow ra Roadway ní 2003, ó ra USF ní 2005, gbèsè sì gùn ún lẹ́yìn. Nígbà tó di 2009, wọ́n dá sísan owó pẹ́ńṣọ̀n dúró, ìgbà tí wọ́n sì padà, ìdámẹ́rin iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń san. Yúníọ̀n gbà bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ má bàa bọ́. Ní 2020, ìjọba yá wọn ní $700 mílíọ̀nù. Ẹ̀yin náà rí ibi tó já sí.

Ibi tí tiwa ti yàtọ̀ sí tiyín ni pé ìkòkò kan ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ jọ ń da owó pẹ́ńṣọ̀n sí, Central States lorúkọ èyí tó tóbi jù nínú tàwọn awakọ̀. Bí iléeṣẹ́ kan bá kú, àwọn tó kù ló máa ru ẹrù àwọn arúgbó rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti ń kú tán ńkọ́? UPS, iléeṣẹ́ ńlá tó ń kó ẹrù kiri, san $6.1 bílíọ̀nù ní 2007 kó lè jáde nínú ìkòkò yẹn. Lẹ́yìn náà ni ìkòkò fẹ́ gé owó àwọn arúgbó, Iléeṣẹ́ Ìṣúra ìjọba Amẹ́ríkà kọ̀ jálẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2016. Òfin kan wá jáde ní 2021, ní oṣù kejìlá 2022 ìjọba sì kéde pé òun máa da nǹkan bí $36 bílíọ̀nù sínú rẹ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 350,000. Ohun tí wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ awakọ̀ Yellow là nìyẹn, torí owó ti wọlé kí iléeṣẹ́ tó kú.

Ẹ ó rẹ́rìn-ín: wọ́n yẹ ìwé wò, wọ́n rí òkú 3,479 nínú iye èèyàn tí wọ́n fi ṣírò owó. Wọ́n ní láti dá $127 mílíọ̀nù padà ní 2024. A rò pé Nàìjíríà nìkan ni òkú ti ń gbowó.

Ẹ̀gbọ́n, tiyín kò sí nínú ìkòkò. Kò sẹ́ni tó máa ru ẹrù yín, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè jẹ nínú tiyín. Ohun tí wọn ò bá san nìkan ni kò sí níbẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Màmá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Awakọ̀ Ìyàrá (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Màmá, ẹ ṣé gan-an. Àbúrò mi ti Ohio, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Mo lọ sí Lọ́kọ́jà. Ọmọbìnrin tó wà lórí kọ̀ǹpútà béèrè nọ́ńbà mi, ó tẹ̀ ẹ́, orúkọ mi jáde pẹ̀lú ọjọ́ ìbí mi. Mo ní kó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi kí n rí i fúnra mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí i. Owó tó wà níbẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì náírà. Mo dákẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń rò pé irọ́ ni.

Ojú ìwé mẹ́fà ni wọ́n tẹ̀ jáde fún mi. Èmi àti ìyàwó mi tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ẹní ní pálọ̀, ó ń ka oṣù, mo ń fi bírò pupa sàmì. Láti 2008, kò sí wàhálà. Àmọ́ láti October 2022 dé December 2024, òfo. Oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í san, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ní gbogbo oṣù yẹn, ìwé owó oṣù mi sọ pé wọ́n yọ 6,800. Ìyẹn jẹ́ 183,600 tó jáde lápò mi. Tí a bá fi 8,500 tó yẹ kí ọ̀gá máa fi kún un sí i, 413,100 náírà ni, ká tó sọ̀rọ̀ ìtanràn.

Ẹ wò ó, owó tí wọn ò san fún mi kò dùn mí tó ti ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi lóṣooṣù. Ẹnì kan jókòó, ó tẹ irọ́ yẹn nígbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá àwọn tó kù. Mẹ́sàn-án ti fọwọ́ sí ìwé náà. Nínú àwa mẹ́rìnlá tó kù, márùn-ún péré ló ṣì ní ìwé owó oṣù lọ́wọ́. Ọ̀kan ní ìyá òun ti fi tòun dáná. Mo lọ bá alága wa níbi tó ti ń ṣa kajú, ó fọ ọwọ́, ó wọ aṣọ, ó ní ká lọ. Òun ló kọ lẹ́tà, kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. A ti fi ránṣẹ́ sí PenCom. N ò tíì fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì.

Màmá, àwọn tí kò ní ìwé owó oṣù mọ́ ńkọ́?

Ìyá Akọ̀wé, Ẹ̀gbẹ̀

Kí wọ́n lọ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì wọn ní báǹkì. Iye tó wọlé lóṣù yẹn àti iye tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́, ohun tó wà láàárín méjèèjì á sọ̀rọ̀. Kí wọ́n sì bá ọ so tiwọn mọ́ tìrẹ, ìwé yín á fi hàn pé wọ́n yọ ọ́ fún gbogbo yín. Àwọn mẹ́sàn-án tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n má sọ̀rètí nù, kí àwọn náà gba àkọsílẹ̀ tiwọn, kí wọ́n kọ lẹ́tà. Owó pẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n ti yọ lára owó oṣù kì í ṣe ẹ̀bùn tí ọ̀gá ń fúnni.

Kí alága yín náà yẹ tirẹ̀ wò o.

Dírẹ́bà Kàbbà

Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ́ńjìnnì mi kọ iṣẹ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ta ilẹ̀ kí n tó lè tún un ṣe, gbèsè ọkọ̀ náà ò sì tíì tán. Micro pension tí ẹ sọ yẹn, ibo ni wọ́n ti ń ṣe é?

Ìyá Akọ̀wé, Ẹ̀gbẹ̀

Lọ́kọ́jà náà ni. Ọ́fíìsì àwọn pẹ́ńṣọ̀n èyíkéyìí tó bá wù ọ́. Nínú gbogbo owó tí o bá fi síbẹ̀, o lè yọ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún tí nǹkan bá le, èyí tó kù á dúró dìgbà ogbó rẹ. Mú NIN rẹ dání.