Ohun tí ojú wa rí lórí ẹ̀dínwó owó orí ọmọ wa tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ìlú Houston ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ọdún tí àkọ́bí wa obìnrin wọ community college, nítorí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí òbí yòówù tó ń bá ọmọ san owó ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà.

Ọmọ náà ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà nígbà ọlidé. Nígbà tó di oṣù Kejì, ó fi fóònù rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù owó orí tirẹ̀, kí wọ́n lè dá dọ́là 180 tí wọ́n ti yọ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Fọ́ọ̀mù náà bi í bóyá ẹnì kan wà tó lè kà á mọ́ àwọn tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn. "Rárá" ló tẹ̀, nítorí ó ti pé ọmọ ọdún 19, lójú tirẹ̀ ó ti dàgbà. Nígbà tí àwa náà fi tiwa ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn agbowó-orí dá a padà pé nọ́ńbà Social Security ọmọ yìí, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, ti wà lórí ìwé mìíràn.

Ẹ̀dínwó owó orí kan wà fún ẹni tó ń san owó kọ́lẹ́ẹ̀jì, American Opportunity Credit ni wọ́n ń pè é; ẹni tó bá ka ọmọ mọ́ àwọn tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn ló ń tẹ̀ lé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 24, tó ń kàwé ní kíkún, tí ó jẹ́ pé òbí ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, òbí ló ni í lábẹ́ òfin owó orí, kódà bó bá ń ṣiṣẹ́. Ọmọ wa kò jẹ ìjọba ní owó orí kankan tí ẹ̀dínwó lè dín kù, òfin kò sì fún irú rẹ̀ ní apá ẹ̀dínwó náà tí wọ́n máa ń san fún ènìyàn ní owó kódà bí kò bá jẹ owó orí, èyí tó lè tó dọ́là 1,000. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ó pàdánù ẹ̀dínwó náà pátápátá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a tẹ́ gbogbo ìwé sórí tábìlì ìjẹun. Fọ́ọ̀mù 1098-T tó wá láti ilé-ìwé sọ pé dọ́là 5,200 ni a san fún ilé-ìwé, sikọ́láṣíìpù sì jẹ́ 2,900, ó ku 2,300. Bàbá rẹ̀ ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rántí àpò ìwé tí mo ń kó rìsíìtì ìwé kíkà sí, mo dà á sílẹ̀, dọ́là 640 ló wà níbẹ̀, ó di 2,940. American Opportunity Credit ń dá dọ́là 2,000 àkọ́kọ́ padà lódindi, ó sì ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin 2,000 tó tẹ̀ lé e kún un. Tiwa wá jẹ́ dọ́là 2,235. Láìsí rìsíìtì wọ̀nyẹn, 2,075 ni ì bá jẹ́. Owó oúnjẹ àti ti yàrá kò sí nínú ìṣirò náà rárá.

Ọmọ náà fi fọ́ọ̀mù 1040-X tún tirẹ̀ ṣe, dọ́là 180 rẹ̀ kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa fi tiwa ránṣẹ́ nínú àpò ìwé nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n owó náà wọlé.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi pè mí láti ilé-ìwé kó tó tẹ ohunkóhun: "Mọ́mì, mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń bi mí bóyá ẹnì kan lè kà mí. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n kà á sí yín létí."