Ẹ gbà mí o, alángbá onírùngbọ̀n yìí ò jẹun mọ́
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, Kubwa l'Ábújá ni mo ń gbé, ẹ̀gbọ́n mi tó rìnrìn àjò ló fi bearded dragon ẹ̀, ìyẹn alángbá onírùngbọ̀n yìí, sílẹ̀ fún mi (ìyá onílé wa rò pé mo fẹ́ fi ṣoògùn ni o). Àtìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ò ti jẹun dáadáa, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ wá ń gbọ̀n, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì rọ̀ bíi rọ́bà. Mo kà á pé àìtó kálísíọ̀mù (èròjà tó ń mú egungun le) àti àìtó iná UVB (iná tó ní irú ìtànṣán tó wà nínú oòrùn) ló ń fa irú ẹ̀, pé ibi tó ti ń yáná gbọ́dọ̀ gbóná tó bíi 40°C, ṣùgbọ́n NEPA ńkọ́? Gílóòbù lásán ni mo tàn sí i, wọ́n sì lè mú iná lọ látàárọ̀ dalẹ́. Ìrẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ, ẹnì kan wá ní tẹ̀tẹ̀ kì í jẹ́ kí kálísíọ̀mù ṣiṣẹ́ lára ẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Tí mo bá ń gbé e sóòrùn àárọ̀, ṣé wákàtí kan á tó? Ta ló mọ dókítà ẹran tó mọ̀ nípa alángbá níbí, torí èyí tí mo gbé e lọ bá, ajá àti adìẹ nìkan ló mọ̀, ó kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ o.