Ohun tí ojú wa rí nídìí ẹ̀kọ́ operating system àti dátábéèsì

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tèmi. Sáà kan náà ni mo gba kọ́ọ̀sì méjèèjì nígbà tí mò ń ṣe másítàsì: operating system, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé; dátábéèsì, ètò tó ń tọ́jú dátà, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Olùkọ́ ọ̀tọ̀, ìwé ọ̀tọ̀. Lójú tèmi, wọn ò bára tan rárá. Lọ́jọ́ Ajé à ń tú xv6 wò, kernel (ọkàn operating system) kékeré tí wọ́n ṣe ní yunifásítì MIT lọ́dún 2006 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á tán látòkèdélẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé kí kálukú kọ dátábéèsì kékeré kan tí kò ní sọ ohunkóhun nù bí ẹ̀rọ bá kú lójijì. Lẹ́tà D inú ACID, ìlérí mẹ́rin tí dátábéèsì ń ṣe, nìyẹn, durability: bí dátábéèsì bá ti lè dá ènìyàn lóhùn pé òun ti gba nǹkan, nǹkan ọ̀hún ò gbọdọ̀ pòórá mọ́, iná ì báà lọ.

Mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kí n tó fọwọ́ kan dátà gan-an, màá kọ́kọ́ kọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sínú log, fáìlì àkọsílẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ̀rọ bá kú tó sì jí, á ka log, á tún èyí tó ti parí ṣe, á sì pa èyí tí kò tíì parí rẹ́. Mo dán an wò títí ó fi sú mi. Màá jẹ́ kó máa kọ dátà lọ, màá wá fi kill -9, àṣẹ tó ń pa ètò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, pa á lójijì. Bó bá jí, gbogbo rẹ̀ á pé. Ìgbà àádọ́ta ni mo pa á, ìgbà àádọ́ta ló pé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ohun tó lè sọnù.

Ọjọ́ tí mo lọ ṣàlàyé iṣẹ́ náà, olùkọ́ wa ka kóòdù mi, kò fọhùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wá ní, "Ṣé o ti fa wáyà ẹ̀rọ yìí yọ rí nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ṣùgbọ́n mo fi kill -9 pa á."

"Kí lo pa?"

"Ètò tí mo kọ ni, sà."

"Kernel ńkọ́? Ṣé òun náà kú?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí n lọ bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó wà ní igun láàbù, kí n fa wáyà rẹ̀ yọ.

Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ kejì máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí i láti orí 1 lọ, kó máa tẹ èyí tí dátábéèsì mi bá ti dáhùn pé òun gbà síta. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí tábìlì, mo fà á. Fáànù rẹ̀ yí díẹ̀, ó dákẹ́. Lójú ẹ̀rọ kejì, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni 41,872. Mo tan èyí tó kú padà, ó ka log rẹ̀ tán: 29,306 ló dé. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjìlá nǹkan tí dátábéèsì mi ti sọ pé òun gbà, tí kò sí níbì kankan mọ́. Mo tún fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ńbà yàtọ̀, àdánù náà wà síbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Bí ètò bá pe write(), àṣẹ tó ń kọ dátà sínú fáìlì, orí dísìkì kọ́ ni dátà ń lọ tààrà. Inú page cache ló ń lọ, ìyẹn apá RAM (mẹ́mọ́rì tó ń pa rẹ́ bí iná bá lọ) tí kernel fi ń tọ́jú ohun tó wà nínú fáìlì, kó má baà máa sáré lọ bá dísìkì nígbà gbogbo. Kernel á dáhùn pé ó ti wọlé, kò sì parọ́: ó ti wọlé sí ọwọ́ tirẹ̀. Lórí Linux, operating system tí mò ń lò, bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, dátà lè wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí kernel tó kà á sí ohun tó ti pẹ́ jù. Kill -9 tí mo fi ń fọwọ́ sọ̀yà, ètò tèmi nìkan ló ń pa. Page cache ò sí lọ́wọ́ ètò mi, ọwọ́ kernel ló wà, kernel ò sì kú. Àfi kí iná lọ kí méjèèjì tó kú pọ̀.

Inú kíláàsì ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti kọ́ mi ní page cache. Mo ti ṣe ìdánwò lórí rẹ̀, mo sì gba máàkì tó dáa. Mi ò kàn mọ̀ pé òun ló ń bá mi jà lọ́jọ́bọ̀.

Mo wá fi àṣẹ fsync() sí ẹ̀yìn gbogbo commit, ìyẹn ibi tí dátábéèsì ti ń sọ pé iṣẹ́ kan ti parí, kí kernel má dá mi lóhùn àfi bó bá ti kó o dé orí dísìkì. Mo fa wáyà, kò sí ohun tó sọnù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wá ń wọ́. Ohun tó ń ṣe ju ẹgbẹ̀rún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan já sí bí ọgọ́rùn-ún. Mo wá àṣìṣe nínú kóòdù fún odidi ọjọ́ kan, àfìgbà tí mo ka ohun tí wọ́n kọ sára dísìkì náà: 7,200 rpm. Tó bá ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 120 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fsync kọ̀ọ̀kan sì ní láti dúró kí ibi tí log kàn yí dé abẹ́ orí tó ń kọ ọ́. Mi ò gbàgbé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Irin tó ń yí ni mo ti ń wò lójú kọ̀ǹpútà látàárọ̀. Ohun tó gbà mí ni group commit: kí àwọn transaction (iṣẹ́ tí dátábéèsì ń ṣe parí lódidi tàbí kó má ṣe é rárá) tó dé lásìkò kan náà dúró de ara wọn, kí fsync kan ṣoṣo kó gbogbo wọn lọ.

Olùkọ́ yẹn ló fún mi ní àpilẹ̀kọ tí Michael Stonebraker, onímọ̀ dátábéèsì, kọ lọ́dún 1981, níbi tó ti ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ohun tí operating system ń ṣe fún ètò gbogbo kì í bá dátábéèsì lára mu. Ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì parí. Lọ́dún 2018, àwọn tó ń ṣe dátábéèsì PostgreSQL rí i pé bí fsync bá kùnà lórí Linux, kernel lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọ́n bá tún un pè, á ní ó ti yọrí, dátà ò sì sí lórí dísìkì. Lọ́dún 2019 wọ́n yí i padà: bí fsync bá kùnà, kí dátábéèsì dá iṣẹ́ dúró, kó lọ tún ara rẹ̀ ṣe látinú log. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ̀kan láìkọ́ èkejì, àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Ta ló kàn?

—

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ọ̀rọ̀ "lock" ló mú mi.

Nínú operating system, ohun tó ń dáàbò bo nǹkan inú mẹ́mọ́rì kí thread méjì, ìyẹn ipa iṣẹ́ méjì tó ń lọ pọ̀ nínú ètò kan, má fọwọ́ kàn án pọ̀, lock là ń pè é. Àwọn onídátábéèsì ń pe ìyẹn ní latch. Lock tiwọn, transaction ló ń dì í mú, ó sì lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Bí transaction méjì bá wá ń dúró de ara wọn, èyí tí à ń pè ní deadlock, dátábéèsì á rí i, á yan ọ̀kan, á sì dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. PostgreSQL máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 1 kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Latch ò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Bó bá há, ó há nìyẹn.

Mo kọ "lock" káàkiri orí kẹta iṣẹ́ mi. Ọ̀gá tó ń bójú tó mi dá a padà, ó sì fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: "Èwo?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé gbogbo rẹ̀ ni màá yí?"

Wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀. Kóòdù rẹ ni kó o fi dáhùn."

Oṣù méjì ni ètò mi ti ń dì gbagidi láìsí ìdí, tí dátábéèsì ò sì rí deadlock kankan. Mo ṣí kóòdù, mò ń dáhùn "Èwo?" níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ìkẹtàdínlógún, ọwọ́ mi dúró. Mo di latch mú, mo sì ń dúró de lock.