Ọrun àkàtàǹpó: "irin líle" ni àbí "irin atapadà"?

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á pe irin tí wọ́n fi ń ṣe ọrun àkàtàǹpó Yúróòpù àtijọ́ ní "irin líle", nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń túmọ̀ stíìlì. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ á ra irin tí kò yẹ.

Fáìlì le. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á dá pàú. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn wẹ́dà fi ń ṣe géètì kò ní dá ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti tẹ̀, ó tẹ̀ náà nìyẹn. Irin tó yi, tó sì ń ta padà, ni ọrun ń fẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú "irin atapadà" wá. Àwọn mẹkáníìkì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: irin sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ ẹrù ni. Oríṣi rẹ̀ kan, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà 5160 pè, ní kábọ́ọ̀nù bíi 0.6 nínú 100 àti kírómíọ̀mù bíi 0.8. Tuntun ni kí ẹ rà. Àlòkù lè ti sán níbi tí ojú kò tó.

Ibì kan ṣoṣo ni "líle" ti bá a mu. Ẹ fi iná sí i títí oòfà kò fi ní lè fà á mọ́, ẹ jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀, dé nǹkan bí ìwọ̀n 830 Celsius, kí ẹ wá kì í bọ òróró tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi á sán an. Bó ṣe jáde yẹn, ó le bí ìgò, bí ìgò náà ló sì máa fọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ tún un mú gbóná dé nǹkan bí 450, fún wákàtí kan ó kéré tán, kó lè dẹ̀. Àwọ̀ búlúù tí ọ̀pọ̀ ń wò kò ju nǹkan bí 300 lọ. Ẹni tó bá dúró níbi búlúù yẹn kò tíì dé 450. Nítorí náà, ẹ má fi "fífiná sí i" pe iṣẹ́ méjèèjì: "kíkìbọ̀" ni ti àkọ́kọ́, "mímúdẹ̀" ni ti èkejì.

Ẹ rẹ́ etí rẹ̀ kó rí roboto. Òòró ni kí ẹ máa dán an. Ìlà fáìlì tó bá dábùú rẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi awọ wé e kí àfọ́kù má baà fò, ẹ má sì ta á láìsí ọfà lórí rẹ̀.

Ní ti "okùn" tí àbá náà pe ohun tí wọ́n ń so mọ́ orí ọrun méjèèjì láti fi ta ọfà, ọsán ni orúkọ rẹ̀. Ọsán já, ọrun dọ̀pá: a ti ní ọ̀rọ̀ yẹn kí irin tó dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.