Ilé koríko tó ń jóná nínú fíìmù: ká kọ́ ilé kékeré ni, àbí ká lo kọ̀ǹpútà?

Ọmọ Adó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. À ń múra fíìmù kan tó dá lórí ìgbà ogun Kírìjì. Lóru, àwọn ológun á dáná sun agbo ilé kan, òrùlé á wó, èèyàn méjì á sì sáré kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ̀bá Ìkẹ́rẹ́ la ti fẹ́ yà á. Kámẹ́rà wa lè ya tó fíréèmù (ẹyọ àwòrán) 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà wa sì ní RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) 8GB. Kí ló dé tí iná inú fíìmù àtijọ́ fi ń dáni lójú ju ti òde òní lọ? Ṣé owó ni?

Oníṣẹ́ Ọnà
Àbúrò, kì í ṣe owó nìkan. Iná gidi ń tan ìmọ́lẹ̀ sára ògiri, sínú èéfín àti sójú èèyàn. Ọ̀pọ̀ iná orí kọ̀ǹpútà kì í tan nǹkan kan.

Ẹ kọ́ ilé náà ní ìdá kan nínú mẹ́rin: ògiri mítà 2 á di sẹ̀ǹtímítà 50. Ẹ má jẹ́ kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọwọ́ iná kì í bá ilé kéré. Ẹ fi plywood ṣe ògiri. Amọ̀ pupa tí ẹ ti jọ̀, ìwọ̀n mẹ́ta. Ìyẹ̀fun pákó láti sọ́míìlì, ìwọ̀n kan. Gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà tí ẹ fi omi là ni kí ẹ fi pò ó. Ẹ fi rẹ́ ògiri lẹ́ẹ̀mejì, kí tàkọ́kọ́ gbẹ ná. Bó bá nípọn jù, ojú á gbẹ ṣáájú inú, á sì sán. Ojú sísán mìlímítà 5 á dà bíi 20 nínú àwòrán.

Koríko bẹẹrẹ ti tóbi jù fún òrùlé yìí. Ìko ni kí ẹ ya tín-ín-rín. Ẹ fi ayùn gé ọ̀pá àárín dé ìdajì, kí ẹ so wáyà mọ́ ọn, kí ẹ lè fà á wó nígbà tó bá tó àsìkò. Ẹ kọ́ òrùlé mẹ́ta sílẹ̀ fún ògiri kan náà.

Ohun kékeré ń yára balẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ya á ní fíréèmù 48 ní ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 24, kí ẹ wá fi 24 hàn án, kó lè falẹ̀ bí ilé ńlá. Ẹ gbé lẹ́ńsì sí gíga sẹ̀ǹtímítà 40, ibi tí ojú èèyàn ìwọ̀n ilé náà máa wà, ní f/11 (ìyẹn ni pé kí ihò lẹ́ńsì kéré), kí ẹ̀yìn má baà ṣú bàìbàì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo bẹntiróòlù: ooru rẹ̀ ń rìn nílẹ̀, iná á sì gbá a mú níbi tí ẹ ò rò. Àkísà tí ẹ rẹ sínú kẹrosíìnì ti tó. Páànù nílẹ̀, iyanrìn àti omi nítòsí, èèyàn méjì tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n ṣọ́ iná. Ẹ má ṣe é nígbà ọyẹ́ rárá.

Ayàwòrán Ìjerò
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló máa so àwòrán ilé kékeré náà mọ́ ti àwọn tó ń sáré. Ẹ má fi Blender (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán) dá iná sílẹ̀ lórí 8GB: bí ẹ bá sọ resolution (bí kúlẹ̀kúlẹ̀ iná náà ṣe pọ̀ tó) di ìlọ́po méjì ní gígùn, ìbú àti gíga, iṣẹ́ náà di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹ ya àwọn tó ń sáré níwájú aṣọ àwọ̀ ewé, tí kọ̀ǹpútà máa yọ kúrò, kí wọ́n jìnnà sí i tó mítà 3, kí àwọ̀ rẹ̀ má baà ta sí wọn lára. Bí kámẹ́rà bá wà ní mítà 12 sí wọn, ní gíga mítà 1.6, ẹ fi sí mítà 3 sí ilé kékeré náà, lẹ́ńsì kan náà, kí kámẹ́rà sì dagun bákan náà. Ẹ fi iná mànàmáná aláwọ̀ ọsàn méjì tan ìmọ́lẹ̀ sí àwọn tó ń sáré láti ìhà tí ilé wà, kí ẹnì kan máa mi àwọn iná náà láìdọ́gba. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé.

Ọmọ Adó
Ẹ ṣeun gan-an. Òjò máa rọ̀ lẹ́yìn iná yẹn. Ṣé a lè da omi sórí ilé kékeré náà?

Oníṣẹ́ Ọnà
Rárá o. Ẹ̀kán omi kì í kéré bá ilé, ìkọ̀ọ̀kan á dà bí ìlọ́po mẹ́rin, amọ̀ yẹn náà á sì ṣí. Nínú fíìmù Jurassic Park (1993), awọ rọ́bà T. rex, ẹranko ńlá ayé àtijọ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe, fa omi òjò mu, ó wúwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àfi kí wọ́n máa gbẹ ẹ́. Ẹ ya òjò lọ́tọ̀ lóru, níwájú aṣọ dúdú, kí iná mànàmáná tàn án láti ẹ̀yìn, torí òjò kì í hàn bí iná bá ti iwájú wá. Ẹ wá gbé e lé àwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà, ní Screen (ọ̀nà kan tí ètò náà fi ń pa àwòrán méjì pọ̀). Dúdú á pòórá. Omi gidi, ara àwọn òṣèré nìkan ni kí ẹ dà á sí.