Ajá kan kò fẹ́ kọjá géètì, báwo ni kí n ṣe ràn án lọ́wọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín.

Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo máa ń lọ mú ajá rìn láìgbowó ní ilé ìtọ́jú àwọn ajá tí kò lólówó, níbí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Nílé wa n'Ìbàdàn, ajá tó ń ṣọ́ ilé nìkan ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ti wọ̀ mí lára.

Ọ̀kan nínú wọn ló gbà mí lọ́kàn. Abo greyhound ni, ìyẹn irú ajá tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń sáré gan-an, ó sì ti sáré ìje rí. Àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n fín sí etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé. Bá a bá ti dé ẹnu géètì, ó máa dúró gbagidi. Á ki ìrù bọ abẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gbọ̀n, kò sì ní wojú mi. Mo fi adìẹ bíbọ̀ tàn án, kò tilẹ̀ gbóòórùn ẹ̀. N ò sì fẹ́ fà á, torí ọrùn greyhound fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó orí rẹ̀: bẹ́líìtì ọrùn lè yọ, kó sá bọ́ sí títì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú irú rẹ̀, ṣé kí n kàn jókòó tì í níbẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀ ni? Àbí ká mú ajá mìíràn tí kì í bẹ̀rù ṣíwájú rẹ̀, torí àárín ẹgbẹ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà?